Ẹ̀sùn Tí Wọ́n Fi Kan Òjò

"Àná ni wọ́n ń retí ẹ, Àrínọlá. Wọ́n dúró títí, wọn ò rí ẹ."

Ẹ̀gbọ́n Àrínọlá, Kẹ́misọ́lá, ló pè é láti Ìbàdàn. Iléeṣẹ́ kan ń wá ẹni tí yóò máa kọ́ àwọn ọmọ òkè òkun ní Yorùbá lórí kọ̀ǹpútà. Wọ́n ti fi íméèlì ránṣẹ́ sí Àrínọlá pé kí ó wá ṣe ìdánwò, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí òjò ti rọ̀ ní Àpòmù, íńtánẹ́ẹ̀tì ò wọ kọ̀ǹpútà ilé wọn mọ́. Nígbà tí wọn ò rí i ni wọ́n pe nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó kọ sínú fọ́ọ̀mù.

"Mo ti bẹ̀ wọ́n. Ìrọ̀lẹ́ òní ni wọ́n tún fún ẹ, kò sì sí òmíràn mọ́. Di ẹrù ẹ, mò ń bọ̀ wá gbé ẹ. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Àpòmù yẹn, òjò ń jẹ ẹ́ bí ewúrẹ́ ṣe ń jẹ ewé ẹ̀gẹ́."

Àrínọlá wo bàbá rẹ̀, Tíṣà Enoch, tí ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì. Iṣẹ́ náà wù ú dé ọkàn. Ṣùgbọ́n bí ó bá lọ, ta ni yóò kù nílé pẹ̀lú wọn?

"Máa lọ o," ni bàbá wí. "Èmi àti àwọn adìyẹ á máa gbélé."

Àrínọlá jókòó ti kọ̀ǹpútà. Ó ti yọ módẹ́ẹ̀mù, ó ti dá a padà, ó ti gbé e lọ sí ojú fèrèsé bí ẹni ń sá èlùbọ́. Gbogbo ènìyàn ń sọ pé òjò ló fà á. Ṣùgbọ́n oòrùn ń ràn gan-an, iná módẹ́ẹ̀mù sì ń tàn yòò. Ìkìlọ̀ pupa kan tún yọ lójú kọ̀ǹpútà. Ìkánjú kì í jẹ́ kí ó kà á. Lọ́tẹ̀ yìí, ó kà á dé òpin: aago kọ̀ǹpútà yìí ti lọ sẹ́yìn. Ó wo ìsàlẹ̀. Ọdún tí òun ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló wà níbẹ̀.

"Bàbá, nígbà tí òjò ṣú láti apá Ìkòyí, kí lẹ ṣe?"

"Ohun tí bàbá mi ń ṣe ni. Mo faṣọ bo dígí." Wọ́n rò ó díẹ̀. "Mo sì yọ gbogbo wáyà ara ògiri. Àbí kí àrá wọlé wá kí wa ni?"

"Àti ti kọ̀ǹpútà?"

"Òun ni mo kọ́kọ́ yọ."

Ẹ̀rín gba ẹnu Àrínọlá. Bátìrì róbótó tó ń bá kọ̀ǹpútà rántí ọjọ́ ti kú sínú rẹ̀. Bí iná bá lọ, ínfátà ń gbé e ró. Ṣùgbọ́n bí a bá ti yọ wáyà rẹ̀, ó gbàgbé ọjọ́ òní pátápátá. Íńtánẹ́ẹ̀tì kì í sì í ṣílẹ̀kùn fún ẹni tó ní ọdún àtijọ́ lòun ṣì wà.

"Ṣé kí n má yọ ọ́ mọ́ ni?" ni bàbá bi í.

"Ẹ máa yọ ọ́ lọ, Bàbá. Màá ra bátìrì mìíràn sí i ní Ìkirè."

Ó fọwọ́ tún ọjọ́, oṣù àti ọdún ṣe. Ojú ìwé ṣí. Àwọn íméèlì ń rọ́ wọlé lórí ara wọn, èyí tí wọ́n fi pè é sí ìdánwò àná sì wà nínú wọn.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Ìyáàfin Kòfowórọlá láti iléeṣẹ́ náà yọ lójú kọ̀ǹpútà, ó ní kí ó sọ ìtàn kan bí ẹni ń sọ ọ́ fún ọmọdé. Àrínọlá sọ ọ́, ó sì gbàgbé pé ìdánwò ni. Ìyáàfin náà rẹ́rìn-ín. "Ẹ máa bá wa ṣiṣẹ́." Lẹ́yìn ilẹ̀kùn, Tíṣà Enoch mí kanlẹ̀ bí ẹni sọ ẹrù igi kalẹ̀.

Kò pẹ́ tí ọkọ̀ Kẹ́misọ́lá, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ti dá dúró lọ́nà, fi dúró lójúde.

"Ẹrù ẹ dà?"

Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í wá fìlà tó wà lórí wọn. Àrínọlá kúnlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Àǹtí mi, wọ́n ti gbà mí. Mi ò ní bá yín lọ Ìbàdàn. Ilé níbí, lọ́dọ̀ Bàbá, ni màá ti máa ṣiṣẹ́ náà."