Ẹ̀ka Ọ̀lẹ

Ìyá ìyàwó Ọládiméjì kò tíì gbé báàgì sílẹ̀ tó fi béèrè igi ọsàn. Láti Ìlọrin ló ti wọ mọ́tò dé gáréèjì Kawo ní Kàdúná, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú bí búrẹ́dì tó bọ́ sínú tíì.

"Ọkọ Jemilat, ọsàn mi dà?"

Ọládiméjì dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó fò dìde, ó nawọ́ sí ẹ̀yìnkùlé bí ẹni ń fi ààfin hàn. "Màmá, ẹ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ yín!"

Igi náà ga ju òrùlé lọ. Àkọ́so rẹ̀ nìyẹn, ó sì so jìngbìnnì. Ìyá fọwọ́ kàn án, ó yára fa ọwọ́ padà.

"Tèmi kì í lẹ́gùn-ún tó báyìí."

"Afẹ́fẹ́ Kàdúná ni, Màmá! Níbí, kò sóhun tí kì í le!"

Ìyá rẹ́rìn-ín. "Wọ́n ti wó tèmi nílé, ọ̀nà tuntun gba orí rẹ̀ kọjá. Igi tí ìyá mi gbìn! Ẹ̀ka tí mo gé fún yín nìkan ló kù láyé. Mo wá gé díẹ̀ padà sílé ni."

Jemilat bó ọ̀kan fún ìyá rẹ̀. Ìyá fà á mu. Ojú rẹ̀ fún pọ̀ bí ẹnu àpò tí wọ́n fa okùn rẹ̀.

"Ọkọ Jemilat, ẹ̀ka tí mo lẹ̀ mọ́ ìdí ọsàn kíkan, tí mo fi ọ̀rá wé, èwo ni lára igi yìí?"

"Ọ̀lẹ yẹn? Màmá, bó ṣe wà lọ́dún kìíní ló wà lọ́dún kejì! Àbúrò rẹ̀ tó hù nísàlẹ̀ ló ṣe ọkùnrin. Mo gé ọ̀lẹ dànù kó má baà…"

Ó rí ojú ìyàwó rẹ̀.

"Ìdí kíkan lo tọ́," ni Ìyá wí, jẹ́jẹ́. "Ọsàn mi lo gé."

Jẹ́jẹ́ yẹn ló pa á. Ká ní Ìyá pariwo ni, ì bá mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀bẹ̀.

Lójijì ó fò sókè. "Kai! Mi ò jù ú nù, wallahi! Mo rì í mọ́lẹ̀ lẹ́yìn táńkì omi, mo fi gbé tòmátì ró!"

Tòmátì ti kú tipẹ́, kò sẹ́ni tó ń débẹ̀ mọ́. Wọ́n sáré. Ewé! Ewé tútù yọ̀yọ̀ bo igi náà látòkè délẹ̀! Ìyá ké "Allahu Akbar!" Ọládiméjì ti ń jó.

Jemilat bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa ewé kan. Ewé náà fa èkejì, èkejì fa okùn gígùn kan, okùn gun ògiri, ó di ilé Màmá Matilda, aládùúgbò wọn.

"Elégédé ni," ni Jemilat wí.

Ọládiméjì fọwọ́ kan igi náà. Ó kán pọ́kí. Ikán ti jẹ inú rẹ̀ tán.

Wọ́n padà sídìí ọsàn, Ìyá jókòó. Ọládiméjì tún dọ̀bálẹ̀, ẹ̀gún gún un níkùn, kò tó bẹ́ẹ̀ kó mira.

"Dìde."

"Kí n dìde ṣe kí ni, Màmá?"

"Kí o bó òmíràn fún mi."

"Ó kan, Màmá."

"Ṣé o ní èyí tó dùn ni?"

Ó bó o. Ìyá ń mu, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ọládiméjì kò mọ èyí tó jẹ́ ti ọsàn nínú omi náà. Ó mú òmíràn, ó ń bó o.