Ọkọ̀ Tó Ń Kú Lójú Ọ̀nà Ṣábẹ̀

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún péré lẹ́yìn tí garantí ọkọ̀ Ràyhánátù parí ni ọkọ̀ náà kú mọ́ ọn lọ́wọ́, níbi tó jẹ́ pé bí ọkọ̀ bá kú níbẹ̀, orí ẹni nìkan ló lè yọni.

Ọjọ́ Àìkú ni. Òun àti ọmọ rẹ̀ Sìdíkátù, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ń bọ̀ láti Ṣábẹ̀, níbi tí wọ́n ti lọ kí ìyá ọkọ rẹ̀, wọ́n sì ti ń sún mọ́ Parakou, ìlú tí wọ́n ń gbé. Kámíọ̀ kan tó kó pákó ń rá pálá níwájú wọn. Ràyhánátù wo iwájú, ó rí i pé títì ṣófo, ó bọ́ sí ọwọ́ òsì, ó tẹ tọ́rọ́tù mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ náà bú bí ẹkùn, ó dé ìdajì ẹ̀gbẹ́ kámíọ̀ náà, ó sì dákẹ́. Kò dún kọ̀ọ́, kò rú èéfín. Ó kàn dákẹ́ bí ẹni tí wọ́n fọwọ́ bò lẹ́nu. Sítiárì le lọ́wọ́ rẹ̀ bí ọmọ ọlọ. Iná pupa tàn yí gbogbo ojú dáṣíbọ́ọ̀dù ká. Àsìkò yẹn gan-an ni kámíọ̀ mìíràn, tí wọ́n di òwú sí gegere, yọ lórí òkè níwájú, tó ń bọ̀ tààrà.

Ohun tó ṣe lẹ́yìn náà, kò lè sọ bó ṣe ṣe é. Ó mọ̀ pé Sìdíkátù ké "Màmá!" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó mọ̀ pé òun fi gbogbo ara rọ̀ mọ́ sítiárì, pé ọkọ̀ fò kúrò lórí ọ̀dà bọ́ sínú pápá ní apá òsì, pé atẹ́gùn kámíọ̀ òwú mì wọ́n jìgìjìgì bó ti ń kọjá, tí fèrè rẹ̀ ń ké títí tó fi jìnnà. Ẹ̀gbọ̀n òwú méjì mẹ́ta rọra balẹ̀ sórí gíláàsì iwájú. Ìyá àti ọmọ jókòó, wọ́n ń wò ó.

Ọkọ̀ náà kì í ṣe irú èyí tí àwọn ará Albarika, àdúgbò rẹ̀, rò pé ó yẹ kí obìnrin rà. Ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì ni, ìjókòó méjì péré, ó lọ sílẹ̀ débi pé ẹni tó bá fẹ́ wọ̀ ọ́ á kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ sì pọ́n bí ọsàn tó gbó. Ọdún méjìlélógún ni Ràyhánátù ti ń ta aṣọ ní ọjà Arzèkè. Ó kọ́lé, ó rán ìyá rẹ̀ lọ sí Mẹ́kà, ó wá ní ó ku ohun kan tí òun fẹ́ fún ara òun nìkan. Àdúgbò sọ ọ́ títí ó fi sú wọn. Tìjáànì ọkọ rẹ̀, olùkọ́ ìṣirò tí kò mọ ohun tí wọ́n ń wà ju alùpùpù lọ, ló ń fi aṣọ tútù nu ọkọ̀ náà láràárọ̀ Jímọ̀.

Odindi ọjọ́ méjì ni Sìdíkátù kò fi sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kẹta ó ní, "Màmá, mi ò wọ ọkọ̀ yẹn mọ́ láéláé." Ràyhánátù fúnra rẹ̀, bí fèrè kámíọ̀ bá dún lẹ́bàá ọjà báyìí, á di òpó ìsọ̀ rẹ̀ mú, àwọn oníbàárà á máa wò ó. Ohun tó sì ń bà á lẹ́rù jù ni pé, nígbà tí Fákúnlé mẹkáníìkì wá gbé ọkọ̀ náà kúrò nínú pápá, ẹ̀ẹ̀kan ló ṣíná sí i, ó dáhùn. Ó ń dún mẹ̀lọ̀mẹ̀lọ̀, àfi bíi pé kò ṣe nǹkan kan.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Fákúnlé, ó ti lé ní ogún ọdún tó ti ń tún ọkọ̀ ṣe ní Parakou. Ó yí ọkọ̀ náà po nínú ọgbà ilé Ràyhánátù, ó tẹ́tí sí i, ó sì ká ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn.

"Àǹtí, mi ò ní fọwọ́ kàn án."

"Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà ọ́ ni?"

"Ọ̀rọ̀ yín ló ń bà mí lẹ́rù. Bí mo bá tú nǹkan kan níbẹ̀, àwọn tó tà á fún yín ní Kútọnú á ní èmi ni mo bà á jẹ́. Ọ̀dọ̀ wọn ni kó lọ."

"Garantí ti parí, Fákúnlé. Wọ́n ti rí tèmi gbà."

"Ó parí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí wọ́n ń pè ní jẹ́sì kọmẹsíyàlì. Kì í ṣe ẹ̀tọ́, ojú àánú ni. Bí wọ́n bá rí i pé oníbàárà gidi ni yín, pé ọwọ́ wọn nìkan lẹ ti ń tọ́jú ọkọ̀ látọjọ́ tẹ́ ẹ ti rà á, pé àléébù náà sì ti ọ̀dọ̀ wọn wá, wọ́n lè tún un ṣe bíi pé garantí ṣì wà. Ẹ kọ̀wé sí wọn. Ẹ má bú wọn nínú ìwé náà, ẹ má sì parọ́ kankan."

Tìjáànì ló kọ ìwé náà lédè Faransé. Ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ti àkọ́kọ́ dà bí ẹ̀bẹ̀, ti ìkejì dà bí ìjà. Ti ìkẹta kàn sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ni: ọjọ́, aago, bí oòrùn ti mú tó, bí ọkọ̀ ti ń sáré tó. Ó so gbogbo ìwé ìtọ́jú ọkọ̀ náà mọ́ ọn, nítorí Ràyhánátù kò fi ẹ̀ẹ̀kan jẹ́ kí ẹlòmíràn yàtọ̀ sí àwọn ará Kútọnú yí epo rẹ̀ padà.

Wọ́n ń dúró de èsì lọ́wọ́ nígbà tí Sàrúmì, ẹni tó ń ta fóònù ní Arzèkè, wá bá a ní ìsọ̀. Ó ti pẹ́ tí ojú rẹ̀ ti wà lára ọkọ̀ náà. Ó ní bó bá fẹ́ tà á, òun á gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ràyhánátù délé, ó sọ fún ọkọ rẹ̀. Tìjáànì gbé ìwé ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ṣé wàá sọ ohun tó ṣe ọkọ̀ náà fún un?"

"Bí mo bá sọ ọ́, ṣé á rà á?"

"Ìyá Sìdí, kí lo wá fẹ́ tà fún ọmọ ọlọ́mọ?"

Ojú tì í. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa lọ́jọ́ kejì tó fi pe Sàrúmì, ó ní ọkọ̀ òun kì í ṣe títà.

Èsì dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án. Òṣìṣẹ́ wọn kan ń lọ sí Malanville, yóò yà ní Parakou lọ́jọ́bọ̀ láti wo ọkọ̀ náà. Wọn kò ṣèlérí ohunkóhun.

Ọmọ Kétu ni òṣìṣẹ́ náà, Oyèwọlé lórúkọ rẹ̀, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí kò fẹ́ràn àríyànjiyàn. Ó so kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ inú ọkọ̀, ó ń wò ó fún bíi wákàtí kan, Ràyhánátù, Tìjáànì àti Fákúnlé sì dúró tì í bí ẹni tó ń retí ọ̀rọ̀ dókítà.

"Màmá," ó ní, "mi ò rí nǹkan kan. Ọkọ̀ yìí ní òun ò kú rí."

"Ọkọ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ohun tó wà nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀ nìyẹn. Àbí ẹ̀yin lẹ ṣèèṣì pa á? Ó máa ń ṣẹlẹ̀, bí ẹ̀rù bá ti ba èèyàn..."

"Ẹ̀rù ò bà mí nígbà tó fi kú. Ìgbà tó kú tán ni ẹ̀rù tó bà mí."

Oyèwọlé wo ilẹ̀. "Ẹ dákun, Màmá. Ohun tí mo bá rí ni ọ̀gá mi á bi mí. Bí a bá gbé e jáde, tó sì kú níṣojú mi, tí kọ̀ǹpútà gbà á sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Bí kò bá kú, màá kọ ọ́ pé nǹkan kan ò ṣe é."

Fákúnlé ní òun á wà á. Oyèwọlé mi orí: orúkọ Ràyhánátù nìkan ló wà nínú asúráǹsì, ilé iṣẹ́ kò sì gbà kí òun wa ọkọ̀ tí garantí rẹ̀ ti parí. Òun á jókòó ti kọ̀ǹpútà. Ẹni tó ni ọkọ̀ ni kó wà á.

Ràyhánátù fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀. Ó wọ yàrá lọ, ó jókòó sétí ibùsùn. Tìjáànì wọlé tọ̀ ọ́.

"Má lọ."

"Bí mi ò bá lọ ńkọ́?"

"Ká fi í sílẹ̀ níbẹ̀ kí adìẹ máa yé ẹyin sínú rẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún mọ́ ọn lẹ́nu. Nígbà tó dákẹ́, ó ní, "Bàbá Sìdí, kì í ṣe ọkọ̀ kan ṣoṣo yìí ni wọ́n ṣe. Ẹnì kan ń wa irú rẹ̀ níbì kan báyìí, ó sì gbé ọmọ sẹ́gbẹ̀ẹ́."

Tìjáànì jókòó tì í. Ó di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú. Ọwọ́ tirẹ̀ tutù ju ti ìyàwó lọ. Ràyhánátù ṣe àlùwàlá, ó kírun ráká méjì, ó mú kọ́kọ́rọ́.

Òun àti Oyèwọlé gba ọ̀nà Ṣábẹ̀ lọ. Òógùn àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ń mú sítiárì yọ̀, ó ń fi etí ìborùn rẹ̀ nù ún. Wọ́n bá kámíọ̀ àkọ́kọ́. Ó wo iwájú lẹ́ẹ̀mẹta, ó bọ́ sí òsì, ó tẹ tọ́rọ́tù. Ọkọ̀ fò kọjá bí ọfà. Kò ṣe nǹkan kan. Wọ́n bá ìkejì, bákan náà. Ìbẹ̀rù méjì ló wá ń fà á ya láàárín: ó ń bẹ̀rù kó kú, ó tún ń bẹ̀rù kó má kú.

Lẹ́yìn ogójì ìṣẹ́jú, Oyèwọlé ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká máa padà."

"Kò tíì gbóná tó," ni Ràyhánátù wí. "Ọ̀sán gangan ni lọ́jọ́ yẹn, òkè la sì ń gùn."

Wọ́n ṣẹ́rí padà. Oòrùn ti wà ní àtàrí. Nígbà tí wọ́n dé ìdí òkè ọjọ́sí, kámíọ̀ kan tó kó sìmẹ́ńtì ń mí hẹlẹ níwájú wọn. Títì ṣófo. Ó tún wò ó, ó ṣófo. "Bísímílláhì," ó ní, ó sì yọjú sí òsì.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìdajì ẹ̀gbẹ́ kámíọ̀ náà ni ọkọ̀ dákẹ́.

Ó ti mọ ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Ó ti múra sílẹ̀ fún un: pápá tó wà lápá òsì ló fẹ́ yà sí. Ṣùgbọ́n láti inú ọ̀nà ẹsẹ̀ kan nínú pápá náà gan-an ni zẹ́mí kan, alùpùpù akérò, ti yọ sí etí títì, obìnrin kan jókòó sẹ́yìn ọlọ́kadà, ó pọn ọmọ. Pápá ti dí. Kámíọ̀ wà lápá ọ̀tún bí ògiri. Oyèwọlé ń pariwo "Jésù! Jésù!" Ràyhánátù fi ẹsẹ̀ méjèèjì dìde lórí bíréèkì tó ti le bí òkúta. Ọkọ̀ ń falẹ̀, kámíọ̀ ń yọ síwájú ní ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan, ìdí rẹ̀ kò sì tètè kọjá. Nígbà tó kọjá, Ràyhánátù fi èjìká àti ìgbọ̀nwọ́ fa sítiárì sí ọ̀tún, ó kó sẹ́yìn rẹ̀. Ìpèlé obìnrin orí zẹ́mí náà fẹ́rẹ̀ẹ́ nu dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Wọ́n yí lọ díẹ̀díẹ̀, wọ́n dúró.

Oyèwọlé ṣílẹ̀kùn, ó bì. Nígbà tó padà jókòó, ó mú kọ̀ǹpútà tó ti já bọ́ sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Wáyà rẹ̀ ti yọ.

"Ṣé ó gbà á sílẹ̀?" Ràyhánátù bi í.

Ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún. "Kò gbà á, Màmá."

Ràyhánátù pa ojú dé. Ó gbọ́ tí ohùn ara rẹ̀ sọ pé, "A ó tún dán an wò nígbà náà."

Ọkùnrin náà yíjú sí i, ó wò ó pẹ́. "Rárá. Ẹnikẹ́ni ò ní wa ọkọ̀ yìí mọ́ títí a ó fi tún un ṣe. Kọ̀ǹpútà ò rí i, èmi rí i."

Lórí òkúta kan létí títì ni Oyèwọlé jókòó sí tó fi ọwọ́ kọ ohun tó rí sínú ìwé, ojú ewé méjì, ó fọwọ́ sí i, ó kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún sábẹ́. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbé ọkọ̀ náà sórí ọkọ̀ ńlá lọ sí Kútọnú.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni Ràyhánátù tún fi dúró. Kò lè jẹun dáadáa, nítorí ó dá a lójú pé wọn yóò ní ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Lọ́jọ́ kejìlá ni Oyèwọlé pè é. Wọ́n ti rí i: wáyà tín-ín-rín kan lára ohun tó ń fa epo sínú ẹ́ńjìnnì kò wọlé dáadáa látọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Bó bá ti gbóná tó, á fò jáde. Bó bá tutù, á padà sáyè rẹ̀. Ilé iṣẹ́ gbà láti ṣe gbogbo rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, bí garantí tilẹ̀ ti parí.

"Màmá," ó ní, "a ti pe àwọn mẹ́rin mìíràn tó ra irú rẹ̀ lọ́dún yẹn. Ti Bàbá kan ní Àjàṣẹ́ ti kú mọ́ ọn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó rò pé ọjọ́ ogbó òun ló dé, kò sọ fẹ́nì kankan. Ó ní kí n kí yín."

Ràyhánátù jókòó sórí ìdì aṣọ ní ìsọ̀, ó fi ìborùn bojú, ó sunkún tó tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Kútọnú láti gbé ọkọ̀ rẹ̀. Wọ́n ti fọ̀ ọ́, ó ń dán. Àtàárọ̀ kùtù ló ti jáde nílùú, tó tò sẹ́yìn ọkọ̀ elépo kan, tí kò sì kúrò níbẹ̀. Gbogbo ayé ń fun fèrè sí i, wọ́n ń kọjá rẹ̀, àwọn ọlọ́kadà pàápàá ń bojú wẹ̀yìn wo ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì tó ń rìn bí ìgbín. Kò dá ẹnì kankan lóhùn. Nígbà tí ọkọ̀ elépo náà yà ní Ìdàáṣà, òun náà yà, ó kírun àsárì, ó pe ilé.

"Ibo lo dé?" ni Tìjáànì bi í.

"Ìdàáṣà."

"Láti àárọ̀?"

"Láti àárọ̀."

"Ẹ̀rù ṣì ń bà ọ́?"

"Ó ń bà mí gan-an."

"Ṣé kí n wọ mọ́tò wá pàdé rẹ?"

Ràyhánátù wo ọ̀nà tó kù, àwọn òkúta ńláńlá Ìdàáṣà, àwọn kámíọ̀ tó ń gòkè lọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Rárá," ó ní. "Ẹ bá mi gbé omi ìwẹ̀ kaná. Mò ń bọ̀."