Ìpara Ojú Tí Kì Í Tó

Ìgbà kẹta rèé tí ìyá àgbà yìí máa gbé tíúbù òfìfo kalẹ̀ sórí tábìlì mi. Ìpara ojú tó yẹ kó lo oṣù kan, ọ̀sẹ̀ kan péré ló ń lò lọ́wọ́ wọn. Inú bí mi débi pé mi ò kí wọn dáadáa.

Lápálápá ló mú ọmọ-ọmọ wọn, ọmọ ọdún mẹ́fà, ní ìpéǹpéjú. Ara ológbò ilé wọn ló ti kó o. Irun ibẹ̀ ti re tán, awọ ń bó, ó ń yún un. Dókítà ti sọ ọ́ lójú wọn pé bó bá wọ ẹyinjú, ojú yẹn lè fọ́. Èmi náà ti sọ ọ́ títí ẹnu fi ń ro mí: ẹ so ológbò mọ́ ẹ̀yìnkùlé, ẹ se aṣọ ìrọ̀rí, ẹ máa fi ìpara díẹ̀, bíi hóró ìrẹsì kan, kun ojú ọmọ láàárọ̀ àti lálẹ́. Àfi bí ẹni ń pọnmi sínú apẹ̀rẹ̀.

"Ìyá, ṣé ẹ̀ ń fi í jẹ búrẹ́dì ni?"

"Nọ́ọ̀sì, ẹ má bú mi. Mo ti so ológbò. Mo ti se ìrọ̀rí. Bí ẹ ṣe wí náà ni mò ń ṣe."

À ń gba òròmọdìẹ lọ́wọ́ ikú, ó ní wọn ò jẹ́ kí òun lọ jẹ̀ lórí ààtàn. Mo gbé òwe yẹn mì, torí àgbà ni wọ́n, ṣùgbọ́n mo jágbe mọ́ wọn. Ni ọmọ bá bú sẹ́kún.

"Eyínfúnjowó, dákẹ́," ni ìyá àgbà wí. Eyín iwájú méjì sì ti ká lẹ́nu ọmọ tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀.

"Àǹtí, ẹ má bá màmá jà. Èmi ni mò ń mú un."

"O ń fi ṣe kí ni?"

"Mo fi ń kun ojú ológbò. Irun ojú tiẹ̀ náà ti re. Ẹ ní kí wọ́n so ó, ẹ ò fún un lóògùn. Tí mo bá ti kun tiẹ̀ tán, màmá á kun tèmi."

Orí tíúbù kan náà ló ń ti ojú egbò ológbò bọ̀ sójú ọmọ, láàárọ̀ àti lálẹ́, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe pàṣẹ. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti ń da ìbéèrè bo ìyá àgbà bí olè. Ohun kan ṣoṣo tí mo bá ọmọ sọ ni "lajú."

Mo tan iná wo ẹyinjú rẹ̀. Lápálápá náà kò tíì wọ ibẹ̀. Mo bẹ ìyá àgbà, mo fún wọn ní tíúbù tuntun, mo sì kọ lẹ́tà sí dókítà ẹran pé kó tọ́jú ológbò náà.

Wọ́n ti dé ẹnu ọ̀nà kí ọmọ tó yíjú padà.

"Àǹtí, ẹ bá mi kọ ọ́ síbẹ̀ kí wọ́n má jágbe mọ́ ọn. Ojú ń dùn ún."