Ẹ̀wù Kọ̀ǹpútà

Péńpé ni wọ́n ń pè é nílé, bẹ́ẹ̀ ló ga débi pé ó máa ń tẹrí ba kó tó wọ ilé ìdáná. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ara rẹ̀ ò balẹ̀ rárá. Aago méjì ọ̀sán ló máa ṣe ìdánwò iṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà nínú ilé, wákàtí kan gbáko, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo péré. Bí ẹ̀rọ bá kú láàárín, ó parí nìyẹn. Kọ̀ǹpútà ilé wọn ọ̀hún sì rèé, ọ̀dájú ni! Kò ní í ju ogún ìṣẹ́jú lọ tójú rẹ̀ á fi di búlúù, á kọ ìkọkúkọ tí kò yé ẹnì kankan, á sì kú fin-ín.

Kí ni Péńpé ò ṣe tán? Ó yọ gbogbo ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sínú rẹ̀ kúrò, ó pààrọ̀ wáyà iná, pàbó ló ń já sí. Lọ́jọ́ tó ṣáájú ìdánwò, ó gbé e lọ bá ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní òpópónà kejì. Ìyẹn tàn án látàárọ̀ dalẹ́, kò kú lẹ́ẹ̀kan. Péńpé gbé e délé lọ́sàn-án ọjọ́ ìdánwò, ogún ìṣẹ́jú, ó tún kú! Inú bí i, ló bá pe ọkùnrin náà lórí fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò tún nǹkan kan ṣe!"

"Àbúrò mi, ara rẹ̀ dá ṣáṣá lọ́dọ̀ mi. Jọ̀ọ́, kí ló wà lọ́dọ̀ yín tí kò sí lọ́dọ̀ mi?"

Péńpé fẹ́ bú u. Àmọ́ ojú rẹ̀ lọ sídìí tábìlì, ló bá pa fóònù.

Ẹ̀wù ló wà níbẹ̀. Màmá rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, ló rán an fún kọ̀ǹpútà nítorí eruku. Aṣọ tó nípọn ni, ó fún mọ́ ẹ̀rọ náà lára pinpin láti orí dé ìdí. Nígbà tí Péńpé fẹ́ gbé ẹ̀rọ jáde, ó bọ́ ọ sílẹ̀ kó má baà dọ̀tí; bó ṣe gbé e délé, ó tún wọ̀ ọ́ fún un. Ó fọwọ́ kan ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà. Ó gbóná janjan. Fáànù tó yẹ kó máa fẹ́ ooru jáde, aṣọ ló ń fẹ́ ẹ lù.

Ó yẹ kínú rẹ̀ dùn, àbí? Rárá o. Oṣù mẹ́jọ ni ọwọ́ ọ̀tún màmá rẹ̀ fi rọ lẹ́yìn àìsàn, tí kò lè di abẹ́rẹ́ mú. Ẹ̀wù yìí ni nǹkan àkọ́kọ́ tó rán látìgbà náà. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi rán an, tó ń làágùn. Ta ló wá fẹ́ sọ fún un pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló ń pa ẹ̀rọ?

Aago kan ààbọ̀ ti kọjá.

"Màmá," ni Péńpé wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ̀wù yẹn ni o. Kò jẹ́ kí kọ̀ǹpútà mí."

Màmá dìde wá. Ó fi ìka tọ ojú rírán rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Omi ti lé sójú Péńpé.

"Afẹ́fẹ́ ò ríbi gbà?"

"Kò rí, Màmá."

"Títí kan ojú rírán yìí?"

"Kò ríbi kankan gbà, mà."

Ni Màmá bá bú sẹ́rìn-ín. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó ń wò ó síwá sẹ́yìn. "Yéè! Ọwọ́ yìí tún rán nǹkan tí afẹ́fẹ́ ò lè gbà kọjá! Péńpé, ọwọ́ mi ti padà o!" Ó bọ́ ẹ̀wù náà wálẹ̀ fúnra rẹ̀. "Jókòó jàre, àbí o ò rí aago ni?"

Nígbà tí ìdánwò pé ogún ìṣẹ́jú, Péńpé wo ojú ẹ̀rọ: kò di búlúù. Ọgbọ̀n. Àádọ́ta. Fáànù ń kùn jẹ́jẹ́. Ó dáhùn ìbéèrè tó kẹ́yìn, ó fi í ránṣẹ́, ló bá fò sókè.

Màmá wà lẹ́bàá fèrèsé. Ó ti gé ihò ńlá sẹ́yìn ẹ̀wù náà, ó fẹ́ máa rán etí rẹ̀ yíká.

"Ẹ mú un wá, kí n bá yín fi òwú sí abẹ́rẹ́," ni Péńpé wí, bó ṣe máa ń wí látìgbà tí Màmá ti tún ń gbìyànjú àtirán nǹkan.

"Mo ti fi sí i," ni Màmá dáhùn.