Afẹ́fẹ́ Inú Táyà

"Ẹ mí kanlẹ̀, Bàbá! Ẹ mí kanlẹ̀!"

Ìyàwó Bàbá Onítáyà ló ń pariwo bẹ́ẹ̀, ó di èjìká ọkọ rẹ̀ mú lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọkùnrin náà ń fa afẹ́fẹ́ sínú léraléra, ojú rẹ̀ ti yọ síta. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ló ń bá a jà, àmọ́ ohun tó dùn ún jù ni pé láti bẹ́ẹ̀dì dé ìsọ̀ rẹ̀ níwájú ilé ti di ìrìn àjò. Ó fẹ́ jókòó síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó pẹ́ jù.

Nọ́ọ̀sì tó ń wá wò ó nílé ṣí fèrèsé. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wọn láyè díẹ̀. Bàbá, ẹ fara tẹ̀ síwájú díẹ̀, ẹ gbé apá lé tábìlì ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì yìí." Ó yọ fáànù kékeré oníbátìrì kan nínú báàgì, ó ń fẹ́ ẹ sí i lójú. Díẹ̀díẹ̀, èémí bàbá rọlẹ̀.

Bó ṣe rí ẹnu sọ̀rọ̀ báyìí, ó ti gba fáànù náà, ó ń wá ibi tí wọ́n ti de nọ́ọ̀tì rẹ̀. Bàbá Onítáyà kì í rí ohun tuntun kó má fẹ́ tú u.

"Ojú lẹ ń fẹ́, ẹ̀dọ̀fóró ló ń mí. Báwo ló ṣe jẹ́?"

"Atẹ́gùn tó bá kan imú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló ń sọ fún ọpọlọ pé kó fara balẹ̀."

"Ẹ̀tàn ni!"

"Ẹ̀tàn tó ń ṣoore ni, Bàbá. Kò ní wo àìsàn náà sàn, àmọ́ á jẹ́ kẹ́ ẹ rí ara gbé e. Tí èémí bá há, kí lẹ kọ́kọ́ máa ń ṣe?"

"Mo máa ń fà á sínú ni. Táyà tó bá rọ̀, ṣebí afẹ́fẹ́ là á fún un?"

Nọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín. "Táyà tiyín ò jò o. Afẹ́fẹ́ tó wà nínú ò tíì jáde, ẹ tún ń fún un sí i. Ẹ kọ́kọ́ fẹ́ ẹ síta. Ẹ ṣu ẹnu jọ, bí ìgbà tẹ́ ẹ bá ń fẹ́ tíì gbígbóná. Tuntun á wọlé fúnra rẹ̀."

"Áà! Mo wá ń ṣe iṣẹ́ ara mi lódì látọjọ́ yìí!"

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó dìde. Ó rìn díẹ̀, ó fara ti ògiri, ó fẹ́ èémí síta, ó tún rìn. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, àyà rẹ̀ há. Ẹ̀rù bà á gan-an. Ìyàwó rẹ̀ sáré dé ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ẹ mí kan…" Ó rántí ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì, ó fọwọ́ bo ẹnu.

Bàbá ṣu ẹnu jọ, ó ń fẹ́ tíì tí kò sí níbẹ̀. Nígbà tí àyà rẹ̀ tú, ó rìn dé ìsọ̀, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn táyà àlòkù. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fọwọ́ gbá ọ̀kan nínú wọn.

Ló bá bojú wẹ̀yìn. Ìyàwó rẹ̀ ṣì dúró gbagidi, ọwọ́ ṣì wà lẹ́nu. Ó wá yé bàbá pé látọjọ́ tí dókítà ti sọ fún wọn pé jẹjẹrẹ ni obìnrin yìí náà ti há èémí mọ́ra.

"Ìyàwó mi," ó ní, "ìwọ náà, fẹ́ ẹ síta."

Ó fẹ́ ẹ. Ẹkún ló bá a jáde. Bàbá sún díẹ̀, ó fi àyè sílẹ̀ fún un lórí bẹ́ǹṣì.