Kéèkì Ìyáàfin Hargett

Ní Cade's Mill tiwa yìí, ní Jọ́jíà ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ẹni méjì ló gbà pé ọwọ́ òun nìkan ni kéèkì ìdílé Hargett wà. Leota Hargett, opó aláwọ̀ funfun, ní ìyá ọkọ òun ló kọ́ òun. Tempie Hargett, opó dúdú tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ní ìyá àgbà ọkọ òun ló ń se kéèkì ọ̀hún fún wọn látilẹ̀, àti pé ẹni tó jókòó sí pálọ̀ ò lè mọ bí wọ́n ṣe ń jó ṣúgà. Oko kan náà ni orúkọ méjèèjì ti hù láyé ẹrú; àwọn kan ló ni oko, oko ló ni àwọn yòókù. Tí ẹ bá rí wọn lẹ́yìn, ìrìn kan náà, báàgì lápá bí ẹni tó ń lọ kí gómìnà. Ẹ má sọ pé èmi ni mo wí.

Lọ́dọ̀ wa, obìnrin funfun tó bá ti lọ́kọ, Ìyáàfin ni. Dúdú, kó hewú títí, Tempie lásán ni, ọmọ tí ò tíì lè so okùn bàtà ara rẹ̀ sì lè pè é bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún tí ìjọba ní kí gbogbo wa, dúdú àti funfun, jọ máa lo gbọ̀ngàn kan fún àfihàn ìkórè (ẹ̀gbẹ́ ilé àwọn ìbaaka ni wọ́n ń to kéèkì àwa dúdú sí tẹ́lẹ̀), Tempie sọ fún mi lọ́nà pé kì í ṣe torí ríbọ́ọ̀nù tí wọ́n ń fún ẹni tó bá gba ipò kìíní lòun ṣe ń lọ.

"Torí Culpepper ni mo ṣe ń lọ. Kó pè mí ní Ìyáàfin lẹ́ẹ̀kan péré, nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, kí etí mi gbọ́ ọ kí n tó kú."

Culpepper, ọ̀gá báńkì, ló máa ń pe orúkọ àwọn tó bá gbégbá orókè. Tempie gba káàdì, ó kọ *Ìyáàfin Hargett* sí i, ó sì gbé e ti kéèkì rẹ̀. Leota, tó wà lẹ́yìn rẹ̀, rí i. Ó gba kálàmù, ó kọ *Leota* nìkan sórí tirẹ̀.

"Ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ kì í so agogo mọ́ orúkọ," ó wí sókè, kí ayé ọ̀hún lè gbọ́.

Tempie ní àwọn tí etí wọn di lòun so ó fún.

Nígbà tí àwọn adájọ́ tọ́ àwọn kéèkì wò tán, Culpepper mú káàdì àkọ́kọ́, kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

"Ipò kìíní, Ìyáàfin Hargett."

Obìnrin méjì ló dìde. Culpepper rẹ́rìn-ín sí ọ̀kan. Ojú rẹ̀ kọjá lórí èkejì bí ìgbà tó bá kọjá lórí àga. Tempie ò jókòó. Ìgbà náà ni Culpepper wo káàdì ipò kejì, ó bá *Leota* níbẹ̀. Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ni ín ti lọ.

Ó fọwọ́ bo ẹ̀rọ náà, àmọ́ ẹ̀rọ ò mọ àṣírí bò. "Ẹ gbà á, mà. Ta ló máa mọ̀?"

Leota wo ríbọ́ọ̀nù náà. Ọdọọdún ló ń gbà á. Ó ti fi àyè tọdún yìí sílẹ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá gbà á, òun náà ló so agogo nìyẹn. Ọrùn rẹ̀ pọ́n.

"Èmi? Èmi ni mo máa kọ Ìyáàfin síwájú orúkọ mi? Wọn ò mọ̀ mí ni? Fún ẹni tó ni ín."

Ìgbéraga ló sọ̀rọ̀ o. Òdodo kàn bá a wọkọ̀ ni.

Culpepper wúkọ́. "Tempie, ó yá, máa bọ̀."

Tempie wẹ̀yìn, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, bí ẹni ń bá a wá ẹni tó ń pè. Gbogbo àwa dúdú tó jókòó sẹ́yìn sì bá wọn wá a.

Ó sú Leota. "Ka ohun tí wọ́n kọ, Culpepper. Àbí o ò mọ̀wé ni?"

"Ìyáàfin Hargett," Culpepper wí, bí ẹni tí eegun ẹja há lọ́fun.

"Èmi rèé," Tempie dáhùn. Leota náà dáhùn. Ó ti mọ́ ọn lára.

Lọ́dún kejì, Leota tètè dé, ó kọ *Ìyáàfin* gàdàgbà débi tí orúkọ fẹ́rẹ̀ẹ́ má ráyè lórí káàdì. Tempie yọjú wò ó, ó gba kálàmù, ó kọ *Tempie*.

"Wọ́n ti mọ̀ mí," ó sọ fún mi.