Lọ́rì Sọ́jà Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀

Agbẹ̀bí ni obìnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí kò sí aboyún tó bọ́ sí i lọ́wọ́ tí kò ròyìn pé ara tu òun. Nígbà tó wá lọ ra lọ́rì sọ́jà níbi gbàǹjo, tó ní kí wọ́n wọ́ ọ wá sí ẹ̀yìnkùlé òun, àwọn aláwàdà yí ohùn orúkọ náà padà díẹ̀: Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ di Ọwọ́-Ẹ̀rọ. Kò bínú. Ó ní méjèèjì ló bá òun mu.

Lọ́rì náà ga ju òrùlé ilé ìdáná lọ. Táyà mẹ́fà ló ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ga tó àyà ènìyàn. Àwọn ológun ti lò ó gbó kí wọ́n tó tà á. Ìpẹtà ti jẹ ilẹ̀kùn rẹ̀, ẹyẹ sì ti kọ́lé sínú bọ́nẹ́ẹ̀tì. Tírélà kékeré kan tó ní táyà méjì péré tẹ̀lé e wá, bí ọmọ tó di ìdí aṣọ ìyá rẹ̀ mú. Ọkọ Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀, tó jẹ́ onígbàjámọ̀, wo ẹrù náà títí, ó bi í pé ogun wo ló fẹ́ lọ jà. Ìyàwó ní kò sí ogun kankan, ó kàn wu òun ni. Ohun tó wu ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ọkọ mú abẹ rẹ̀, ó gba ṣọ́ọ̀bù lọ.

Bí Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ bá ti ibi iṣẹ́ dé, yóò wọ aṣọ kan tí òróró ti sọ di dúdú, yóò sì wọ abẹ́ lọ́rì. Bí nọ́ọ̀tì kan bá kọ̀ tí kò tú, á fi epo rin ín, á dúró, á tún gbìyànjú. Sùúrù tó fi ń dúró ti obìnrin tó ń rọbí náà ló fi dúró ti irin. Olùkọ́ kan tí òun náà ní lọ́rì sọ́jà tirẹ̀ máa ń wá bá a ṣe é. Bíréèkì tó ń fi afẹ́fẹ́ ṣiṣẹ́ ló mọ̀ ọ́n tún ṣe jù, ìyẹn ni wọ́n fi ń pè é ní Aláfẹ́fẹ́. Orúkọ náà tún jọ ti onífáàrí, àmọ́ kì í jiyàn, torí ó fẹ́ràn fáàrí lóòótọ́.

Lọ́rì náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí nígbà tí ìyá ọkọ Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ wá gbé lọ́dọ̀ wọn nítorí orúnkún tó ń dà á láàmú. Obìnrin kúkurú ni, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ ọmọ rẹ̀. Fèrèsé yàrá tí wọ́n fún un kọjú sí ẹ̀yìnkùlé. Ó kọ́kọ́ ráhùn pé ariwo òòlù kò jẹ́ kí òun sùn lọ́sàn-án. Nígbà tó yá, ó ní kí wọ́n gbé àga òun súnmọ́ fèrèsé. Kò pẹ́ tó fi gbé àga náà jáde pátápátá, tó ń fi sáńpépà ha ìpẹtà ara tírélà. Ó ní orúnkún ló ń dun òun, kì í ṣe ọwọ́.

Àárọ̀ Sátidé kan ni wọ́n pinnu láti jí ẹ́ńjìnnì. Bátìrì kò lágbára tó, nítorí náà Aláfẹ́fẹ́ yóò fi lọ́rì tirẹ̀ fà á nínú pápá gbalasa tó wà lẹ́yìn ilé. Ọkọ ni yóò di sítíárìn mú. Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ yóò dúró lórí àtẹ̀gùn ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, yóò máa fọwọ́ pọ́ǹpù dísẹ́ẹ̀lì sínú ẹ́ńjìnnì. Wọ́n ti so okùn tán kí ẹnì kan tó wá pe ọkọ pé ọkùnrin kan tó fẹ́ gbéyàwó lọ́sàn-án ọjọ́ náà ti dé sí ṣọ́ọ̀bù, irun rẹ̀ dà bí igbó. Ó sáré lọ. Inú rẹ̀ sì dùn láti lọ, torí ẹ̀rù lọ́rì náà ń bà á.

Àwọn tó kù ń wojú ara wọn. Ìyá àgbà gbé sáńpépà sílẹ̀.

“Ṣé kí ẹnì kan ṣáà di kiní yẹn mú kó má yà ni?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá, àmọ́ iṣẹ́ ọmọkùnrin yín ni,” Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ dáhùn.

“Èmi ni mo di ọkùnrin náà mú nígbà tó ń kọ́ ìrìn. Ẹ gbé mi gòkè.”

Wọ́n gbé e gòkè, wọ́n fi ìrọ̀rí tì í lẹ́yìn. Jíà tó kéré jù ni wọ́n fi sí, kó lè máa rìn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ fi kílọ́ọ̀ṣì hàn án lápá òsì, ó ní bí ọkọ̀ bá ti jí, kó tẹ̀ ẹ́ wọlé kí ọkọ̀ má baà máa lọ. Ìyá àgbà mi orí pé òun ti gbọ́. Kò sẹ́ni tó bi í bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ dé ibẹ̀.

Okùn le. Táyà ńlá wọ̀nyẹn yí, ẹ́ńjìnnì mí kanlẹ̀, ó tún mí. Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ ń pọ́ǹpù, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tó máa ń sọ fún àwọn aboyún: ó kù díẹ̀, o ń ṣe é dáadáa, tún tì í. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́. Èéfín dúdú rú túú. Lẹ́yìn náà ni igbe gidi jáde, ilẹ̀ mì tìtì, igbe náà kò sì dá mọ́. Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ bẹ́ sílẹ̀, ó sáré lọ síwájú, ó ju ọwọ́ sí Aláfẹ́fẹ́ pé kó dúró. Okùn dẹ̀, ìkọ́ rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Aláfẹ́fẹ́ dúró.

Lọ́rì Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ kò dúró.

“Màmá, ẹ tẹ̀ ẹ́!”

“Ẹsẹ̀ mi ò dé ibẹ̀.” Ohùn tó dáhùn láti òkè kò jọ ti ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ rárá.

Afẹ́fẹ́ bíréèkì kò sì tíì kún tó láti dá ọkọ̀ dúró. Lọ́rì ń nasẹ̀ lọ tààrà sí ìdí ọkọ̀ Aláfẹ́fẹ́, Aláfẹ́fẹ́ sì di ojú. Ìyá àgbà fi gbogbo ara rọ́ sítíárìn, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àlejò tí kò fẹ́ kí, ó bọ́ sí gbangba pápá. Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ ń sá tẹ̀lé e. Ó gbá ọwọ́ ilẹ̀kùn mú, ó gun àtẹ̀gùn, ó na ọwọ́ wọlé láti pa ẹ́ńjìnnì. Ìgbà náà ló rí ojú ìyá ọkọ rẹ̀. Ìborí rẹ̀ ti tú, gbogbo eyín tó kù lẹ́nu rẹ̀ ló wà níta.

“Ìyàwó mi,” ó ní, “jẹ́ ká tún yí i po lẹ́ẹ̀kan.”

Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ wo abẹ́rẹ́ tó ń fi afẹ́fẹ́ bíréèkì hàn. Ó ti ń gòkè. Ó wọlé jókòó tì í, ó gbé ẹsẹ̀ tirẹ̀ lé bíréèkì, wọ́n sì yí pápá náà po, àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín débi pé wọn kò gbọ́ ohun tí Aláfẹ́fẹ́ ń wí.

Bí wọ́n ṣe dúró ni ọkọ sáré dé, òòyà lọ́wọ́. Ariwo ẹ́ńjìnnì ló gbọ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Ọkùnrin tó fẹ́ gbéyàwó tẹ̀lé e, apá kan orí rẹ̀ mọ́ tónítóní, apá kejì ṣì jẹ́ igbó. Ọkọ bi ìyá rẹ̀ pé ta ló ní kó gun ibẹ̀.

“Ìwọ ni,” ìyá dáhùn. “Àyè rẹ ni mo rí tó ṣófo.”

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, wọ́n so tírélà mọ́ ìdí lọ́rì, wọ́n gba ọ̀nà ibi tí àwọn olólùfẹ́ ọkọ̀ ológun ti ń pàdé. Ìjókòó méjì ló wà níwájú, àwọn obìnrin ló gbà á. Ọkọ jókòó sẹ́yìn láàárín àpótí irinṣẹ́. Nígbà tí wọ́n kan òkè kan, tí lọ́rì rọra fa ara rẹ̀ àti ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ gùn ún láìmí gúlegúle, ọkọ fi ọwọ́ lu òrùlé iwájú. Ìyàwó rẹ̀ rò pé ẹ̀rù ló bà á, ó dúró. Ọkọ yọjú lójú fèrèsé, eruku bò ó látòkè délẹ̀, ó ní òun kàn fẹ́ bẹ̀ wọ́n ni, bí wọ́n bá ń padà lọ, kí wọ́n jẹ́ kí òun wà á díẹ̀.